Kí Dókítà Ẹranko Tó Fi Ẹ̀rọ Sídìí Fóònù, Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Wa Kọ́kọ́ Pè É

Àwọn àgbà wa ló máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nílùú òyìnbó tá a wà yìí, nǹkan ti fẹ́ máa dorí kodò. Ajá wà nílé ní tiẹ̀, kò sá lọ síbì kankan. Ẹni tó ni ín ló ń pe dókítà, tí ohun tó gbé fóònù náà ò sì gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ AI tí wọ́n ń fi sídìí fóònù láwọn ilé ìwòsàn ẹranko ni. Ẹ má sọ pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá gan-an ni, a sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Obìnrin kan wà láàárín wa níhìn-ín ní Maryland, nọ́ọ̀sì ni, ó ti lé lógún ọdún tó ti wà ní Amẹ́ríkà. Bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa, kì í ṣe òun ló ní kí ajá wọlé òun. Àwọn ọmọ ló bẹ̀ ẹ́ títí, bàbá wọn náà dá sí i, ló bá gbà. Nígbà tó yá, ajá náà di tiẹ̀, torí òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń mú un jáde láàárọ̀ kùtù nínú òtútù. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ajá yìí tú báàgì ọmọ, ó rí ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà níbẹ̀, ó sì jẹ odindi páálí kan tán.

Ìyá yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣeré. Ó sáré pe ilé ìwòsàn tí wọ́n máa ń gbé ajá náà lọ. Ohùn kan dáhùn, ohùn náà tutù, ó dùn bí oyin, ó ní kí lòun lè bá a ṣe. Ó ṣàlàyé. Ṣé ẹ mọ̀ pé nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ṣingọ́ọ̀mù àti fún erìgì tó di eyín mú? Erìgì ni ẹ̀rọ gbọ́. Ló bá ní ó ti yé òun, pé àwọn máa ń fọ eyín ajá, pé àyè wà lọ́jọ́ Túsìdeè, aago mẹ́wàá àárọ̀. Obìnrin náà tún ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀rọ tọrọ àforíjì, ó sì tún mú un padà sórí eyín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ń pariwo, ẹ̀rọ wá ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó pa fóònù, ó pe ọmọ ilé wa kan tó jẹ́ dókítà ẹranko nílùú míì. Kò tiẹ̀ ráyè kí i. "Ẹ jọ̀ọ́ Dókítà, ẹ gbà mí, ajá ti jẹ ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà!" Dókítà ní, "Mọ́mì, ẹ má dúró bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e sọ́kọ̀ báyìí, kẹ́ ẹ mú páálí ṣingọ́ọ̀mù yẹn dání. Ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ lóru ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Kí ọmọ pè mí tẹ́ ẹ bá ti wà lójú ọ̀nà." A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ajá náà yè é. Àmọ́ ohun tí obìnrin náà sọ fún wa lẹ́yìn náà ló dùn wá jù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì mi ló burú." Nọ́ọ̀sì tó ń bá àwọn dókítà òyìnbó sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ Ọlọ́run, ẹ̀rọ kan ló mú kó máa rò pé òun ò gbọ́ èdè mọ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, xylitol lohun tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà nínú ọ̀pọ̀ irú ṣingọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Tí ajá bá jẹ ẹ́, ara ajá á rò pé ṣúgà ló dé, á tú insulin jáde rẹpẹtẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì já wálẹ̀, nígbà míì kó tó pé wákàtí kan. Ajá á máa rìn bí ẹni tó mutí yó, gìrì lè mú un, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Ẹ wò ó, bí ọ̀rọ̀ bá ti dà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Túsìdeè ti jìnnà jù.

Ìdí mẹ́ta ló mú ká gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú yín. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ọmọ wa wà tí wọ́n ní ilé ìwòsàn ẹranko lórílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n kàwé nílé, wọ́n dé ibí, wọ́n tún jókòó ṣe ìdánwò ECFVG tàbí PAVE kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí làwọn tó ń ta ẹ̀rọ yìí ń lọ bá báyìí. Ìkejì ni pé àwọn ìyàwó wa, àwọn àbúrò wa àtàwọn ọmọ wa tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lára àwọn tó ń jókòó níwájú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń gbé fóònù. Ìkẹta ni àwa fúnra wa, àwa tá à ń pè wọ́n tí ajá tàbí ológbò ọmọ wa bá ń ṣàìsàn. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ ẹni tó ra ẹ̀rọ, ẹni tí ẹ̀rọ fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ẹni tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ọmọ wa wà níbẹ̀.

Ká sòótọ́, a ò sọ pé ẹ̀rọ náà ò wúlò. Ẹ ronú wo ilé ìwòsàn ẹranko láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó níwájú. Ajá kan ń ṣẹ̀jẹ̀, ológbò méjì ń ké nínú àpótí, ẹnì kan fẹ́ sanwó kó máa lọ, fóònù mẹ́ta sì ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá pè tí wọn ò gbé e, ibòmíì ló máa lọ. Ní irú ìgbà yẹn, bí ẹ̀rọ bá lè sọ aago tí wọ́n ń ṣí àti aago tí wọ́n ń tì, tó lè wo kàlẹ́ńdà, tó lè fún èèyàn lọ́jọ́ tí yóò gbé ajá wá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn lágbájá ti ń tán lọ, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Ọmọ tó jókòó níwájú á ráyè dojú kọ ajá tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀rọ tuntun yìí sì yàtọ̀ sí ti àtijọ́ tó ń sọ pé tẹ oókan, tẹ eéjì. Ti tuntun yìí ń gbọ́ ohùn èèyàn, á sọ ohùn náà di ọ̀rọ̀ kíkọ, á fi AI wá èsì tó yẹ, á wá fi ohùn bíi ti èèyàn dáhùn. Ibi ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni nọ́ọ̀sì wa ti kàgbákò. Bí ẹ̀rọ bá ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí èsì rẹ̀ dùn tó, ọ̀nà míì ló ń lọ.

Èrò tiwa lórí ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Ẹ má wo bí ohùn ẹ̀rọ ṣe dùn tó, ẹ má sì wo bí ẹni tó ń tà á ṣe wọ kóòtù. Ohun kan ni kẹ́ ẹ wò: ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, kó gbé ọ̀rọ̀ fún èèyàn? Èyí tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ rà á. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá, ẹ dá a padà.

Bí dókítà ṣe máa dán an wò rèé. Kó tó fọwọ́ síwèé, kó ní kí wọ́n fún òun ní nọ́ńbà ìdánwò, kó sì fi àwọn ọ̀rọ̀ pàjáwìrì tó mọ̀ pè é. Kó sọ pé akọ ológbò òun ń lúgọ̀ọ́ sínú àpótí iyanrìn rẹ̀, ó ń tiraka, nǹkan kan ò jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ìgbẹ́ ló há a, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ló dí, tí wọn ò bá sì tètè ṣe nǹkan sí i, ológbò náà lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Kó sọ pé ikùn ajá òun tó tóbi wú, ó fẹ́ bì, kò rí nǹkan bì. Ikùn tó yí po nìyẹn lè jẹ́, wákàtí díẹ̀ ló sì kù. Kó sọ pé ológbò òun jẹ ewé òdòdó lílì, èyí tó ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Kó sọ ti ṣokoléètì, kó sọ ti ṣingọ́ọ̀mù. Kó má gbàgbé ti ilé wa náà: àlùbọ́sà tó wà nínú ọbẹ̀ ata wa kò dáa fún ajá àti ológbò, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, àìsàn náà sì lè má hàn títí ọjọ́ mélòó kan.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ̀rọ ṣe. Kó dá ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìpàdé dúró, kó gbé fóònù náà fún èèyàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ òru ni, kó sọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ lóru. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé bóyá kò le, kò gbọ́dọ̀ sọ pé kí wọ́n fi iyọ̀ sómi fún ajá mu kó lè bì. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, òfin ní dókítà gbọ́dọ̀ ti yẹ ẹranko wò kó tó sọ àìsàn tó ń ṣe é tàbí kó tó kọ oògùn fún un. Ohun tí òfin ò gbà kí dókítà ṣe, ṣé ẹ̀rọ ló fẹ́ máa ṣe é?

Lẹ́yìn ìyẹn, ìdánwò ohùn ló kàn, ìyẹn ló sì sún mọ́ wa jù. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Stanford gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ. Ti ilé iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n yẹ̀ wò: Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú ọ̀rọ̀ 100, bíi 19 làwọn ẹ̀rọ náà ń ṣì gbọ́ lẹ́nu aláwọ̀ funfun, àmọ́ bíi 35 ni wọ́n ń ṣì gbọ́ lẹ́nu aláwọ̀ dúdú. Ẹ sì jẹ́ ká rántí pé ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí síbí làwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi ṣèwádìí yẹn o. Àwa tá a gbé ohùn Ìbàdàn, ohùn Ìjẹ̀bú àti ohùn Èkìtì wọ bàálù dé ńkọ́?

Àwọn tó ń tà á á ní nǹkan ti dára sí i láti ìgbà yẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Dókítà, ẹ pe èèyàn mẹ́wàá jọ. Ẹ pe màmá yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé dé. Ẹ pe bàbá àgbà tí eyín rẹ̀ ti ń kán. Ẹ pe ọmọ El Salvador tó ń gbé ní ilé kejì, torí wọ́n pọ̀ ládùúgbò wa yìí. Ẹ ní kí ẹnì kan pè é nínú ọkọ̀ tó ń sáré, kí ẹlòmíì pè é níbi tí ajá ti ń gbó. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ajá rẹ̀, ohun tó ń ṣe ajá náà, àti ọjọ́ tó fẹ́ wá. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n gbé ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ wá, kẹ́ ẹ kà á. Bó bá ti sọ Adébọ́wálé di nǹkan míì, ìyẹn ò le, èèyàn lè tún un ṣe. Bó bá sọ májèlé di eyín, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní ẹ̀rọ náà ń gbọ́ Yorùbá, ẹ má jiyàn, ẹ ṣáà bá a sọ Yorùbá.

Ohun míì tó yẹ kí dókítà mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ọrùn ilé ìwòsàn ló wà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà. Lọ́dún 2022, ẹnì kan tí ìyá àgbà rẹ̀ kú béèrè ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè fún Air Canada. Ẹ̀rọ sọ fún un pé ó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì báyìí, kó wá béèrè ẹ̀dínwó ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ tó bá yá. Irọ́ ni, ìlànà wọn ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tọ́rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní British Columbia, ilé iṣẹ́ náà fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ náà ló yẹ kó dáhùn fún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ò gbà. Ní Oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n ní kí Air Canada san nǹkan bíi 812 dọ́là Kánádà fún onítọ̀hún. Owó yẹn kéré. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀mí ajá ló lọ ńkọ́? Ọmọ tí ajá rẹ̀ kú kò ní bá ẹ̀rọ wí, dókítà ló máa bá wí, lọ́yà náà á sì wá a dé ọ́fíìsì. Nítorí náà, kí dókítà fúnra rẹ̀ kọ ohun tí ẹ̀rọ lè sọ sílẹ̀, kó kọ iye owó tó lè dá, kí ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn jẹ́ ohun tí ẹ̀rọ máa gbé fún èèyàn.

Òfin náà wà níbẹ̀ tẹ́ ò gbọ́dọ̀ fojú fò. Àwọn ẹ̀rọ yìí sábà máa ń gba ohùn ẹni tó bá pè sílẹ̀. Níhìn-ín ní Maryland, bíi ti California, gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù ló gbọ́dọ̀ mọ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà, látìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ̀rọ ti sọ pé òun ń gba ohùn sílẹ̀, kó sì sọ pé ẹ̀rọ lòun, òun kì í ṣe èèyàn. Ẹ ò sì ní gbàgbé fóònù èké tí wọ́n fi ohùn bíi ti Biden pe àwọn olùdìbò ní New Hampshire ní Oṣù Kìíní ọdún 2024. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni FCC kéde pé ohùn AI wà lára ohùn àtọwọ́dá tí òfin fóònù ọdún 1991 sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tíyẹn túmọ̀ sí ni pé bí ẹ̀rọ bá fẹ́ máa pe àwọn oníbàárà láti rán wọn létí abẹ́rẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kó máa pe àwọn. Ẹni tí wọn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbé wọn lọ sí kóòtù, 500 dọ́là ni fún ìpè kan, ó sì lè tó 1,500 bó bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ 911. Lọ́dún 2013, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Texas, wọ́n pa obìnrin kan tó ń jẹ́ Kari Hunt. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tẹ 911 títí, kò lọ, torí pé fóònù hòtẹ́ẹ̀lì náà fẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ 9. Látinú ìyẹn ni Òfin Kari ti jáde ní 2018, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020: fóònù ọ́fíìsì tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ látìgbà náà gbọ́dọ̀ lè pe 911 tààrà. Nílé ìwòsàn tí ajá ti lè bu òṣìṣẹ́ jẹ, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fóònù fún yín. Kẹ́ ẹ tún béèrè pé bí iná bá lọ ńkọ́, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já ńkọ́, ibo ni ìpè máa lọ? Ẹ má rò pé ní Nàìjíríà nìkan niná ti ń lọ.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wà tó gbówó lórí tí kò sì dùn. Àwọn kan ń gba owó lóṣooṣù, àwọn kan ń ka ìṣẹ́jú, àwọn kan ń ka ìpè. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú oṣù tí ìpè yín máa ń pọ̀ jù lọ. Ẹ béèrè bóyá ó lè bá sọ́fúwíà tí ilé ìwòsàn yín ń lò sọ̀rọ̀ gidi, àbí ìwé lásán ló máa kọ kí òṣìṣẹ́ tún wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ béèrè ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, bóyá wọ́n sì ń fi kọ́ ẹ̀rọ wọn. Ẹ rí i pé orúkọ ilé ìwòsàn yín ni nọ́ńbà fóònù náà wà, torí òfin gbà yín láyè láti gbé nọ́ńbà yín lọ sí ilé iṣẹ́ míì bí ẹ̀kọ ò bá ṣojú mímu. Ẹ má fọwọ́ sí ọdún mẹ́ta kẹ́ ẹ tó dán oṣù kan wò.

A fẹ́ sọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ń tajà yìí kì í fẹ́ mẹ́nu bà. Àwọn ìpè kan wà tí kò tọ́ kí ẹ̀rọ gbé e rárá. Bàbá kan pè, ó ní ajá tí òun ti ní láti ọdún mẹ́rìnlá kú lóru, kí wọ́n bá òun yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹlòmíì pè, ó fẹ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń fún ajá tó ń jẹ̀rora ní abẹ́rẹ́ tó máa fi sùn lọ. Ohùn dídùn tó ní "inú mi dùn láti ràn yín lọ́wọ́" kọ́ ló yẹ kó gbọ́ nígbà yẹn. Èèyàn ló yẹ kó sọ fún un pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ìyàwó wa tó jókòó níwájú ọ́fíìsì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó mọ orúkọ ajá náà, ó sì máa rántí láti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, kí ẹ̀rọ má bàa pe bàbá yẹn lóṣù tó ń bọ̀ pé abẹ́rẹ́ ajá rẹ̀ ti tó gbà.

Ìdí nìyí tá a fi ń bẹ ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ní ilé ìwòsàn pé kẹ́ ẹ má fi ẹ̀rọ yìí lé òṣìṣẹ́ lọ. Ẹ fi gba ẹrù lórí wọn. Ẹ pè wọ́n jókòó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dán ẹ̀rọ wò, torí àwọn ló mọ ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè, àwọn ló mọ ìbéèrè tó ń fara hàn bíi yẹpẹrẹ tó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú. Kí ẹnì kan nínú wọn máa ka ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kó máa wo ibi tó ti ṣì gbọ́. Èyí tá a bá rà tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́, bí ìgbà téèyàn fi iná sórí òrùlé tó lọ sùn ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá àti ológbò nílé náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ lóru ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Ẹ kọ ti ilé iṣẹ́ ASPCA tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ májèlé ẹranko mọ́ ọn, torí tọ̀sán tòru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè gba owó. Bí ẹ̀rọ bá gbé fóònù yín, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn. Ẹ ní kó fún yín ní èèyàn. Bó bá ṣì yín gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pa á, ẹ gbé ẹranko sọ́kọ̀, ẹ máa lọ.

Tí ẹ bá délé, ẹ pe dókítà náà lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ sọ ohun tójú yín rí fún un. Ọ̀pọ̀ wa kì í sọ̀rọ̀, a máa ń rò pé ahọ́n wa ló fà á, a wá ń bẹ ọmọ pé kó bá wa pè é. Rárá o. Àìsọ̀rọ̀ ló bí àìgbọ́. Dókítà tí kò bá gbọ́ pé ẹ̀rọ òun ò gbọ́ wa, ibo ló ti máa mọ̀? Nọ́ọ̀sì wa ti pe tiẹ̀. Ó ní ọ̀gá náà tọrọ àforíjì, ó sì ní láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ti pè lẹ́yìn iṣẹ́, nọ́ńbà ilé ìwòsàn òru ni ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ sọ, kó tó béèrè ohunkóhun. Ìpè kan ṣoṣo ló tún nǹkan ṣe fún gbogbo ẹni tó bá tún pè lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀yin dókítà wa, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí màmá kan láti ilé kọ́kọ́ pe ẹ̀rọ náà. Bó bá gbọ́ màmá, ó lè gbọ́ gbogbo ayé.